Eku Tí Kò Ní Rọpárọsẹ̀, Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Funfun Báláú

Ní ibi ìwádìí wa, a máa ń ti ọrùn eku fa rọpárọsẹ̀ fún un, ká lè wọn ibi tó kú nínú ọpọlọ rẹ̀; aró kan tó ń jẹ́ TTC ló ń fi ibẹ̀ hàn. Ọpọlọ eku àkọ́kọ́ tí mo rẹ sínú aró náà, funfun ló jáde, látiwájú dẹ́yìn, tòsì tọ̀tún. Ẹni tó bá rí i yóò ní rọpárọsẹ̀ ti gbé gbogbo orí ẹran náà lọ. Bẹ́ẹ̀, eku tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ ni, a kò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ rárá. Pupa ló yẹ kó jẹ́.

Bàbá tó ń bójú tó irinṣẹ́ ní láàbù wa l'Ádó-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé o ti kọ́kọ́ rì í sínú fọ́málínì?"

Mo dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Cresyl violet, aró mìíràn, ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀; ní tìyẹn, fọ́málínì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ló máa ń ṣáájú. TTC kò rí bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ kò ní àwọ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara) tó wà nínú mitokọ́ńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, ló ń sọ ọ́ di pupa bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣì wà láàyè. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé tí sẹ́ẹ̀lì sì ti kú, funfun ni yóò wà. Èmi ti fi fọ́málínì pa ẹ́ńsáìmù náà tán kí n tó gbé aró dé.

Nígbà tó kan eku gidi tí a fẹ́ fa rọpárọsẹ̀ fún, ọ̀nà tí olùwádìí Longa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ jáde ní 1989 la tẹ̀ lé. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko ti fọwọ́ sí i, eku sì ti sùn fọnfọn lábẹ́ oògùn. Ọ̀gá mi ti fọ́nrán ọ̀rá tín-ín-rín gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn lọ sókè, títí ó fi dí ẹnu èyí tó ń bọ́ àárín ọpọlọ lápá òsì. Lẹ́yìn 60 ìṣẹ́jú, wọ́n fà á yọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo fi ìrù gbé eku náà sókè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ká kò, torí apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún.

Ọpọlọ tútù rọ̀ bí ọ̀ọ̀lẹ̀ tí kò jinná. Ẹ fi abẹ kàn án, yóò fọ́. Torí náà mo gbé e sí fírísà fún bíi 20 ìṣẹ́jú, kó le díẹ̀, kó má sì dì. Mo tẹ́ ẹ sínú apẹ́ irin tó ní ojú tí abẹ ń gbà kọjá, mo gé e ní ègé 2 mm, 2 mm. Aró ìdá 2 nínú 100 ni mo pò, mo fi fọ́ìlì bò ó nítorí ìmọ́lẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní 37 °C. Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Bàbá gbé fúláàsì omi gbígbóná wá, mo ń bu omi tútù mọ́ ọn, tẹmómítà lọ́wọ́, bí ìgbà tí omi méjèèjì pàdé n'Íkògòsì. 20 ìṣẹ́jú, mo yí ègé kọ̀ọ̀kan padà lágbede méjì. Pupa fòò lápá ọ̀tún, àpá funfun lápá òsì. Ìgbà yìí ni fọ́málínì tó kàn.

Mo rò pé mo ti ṣe tán. Mo fi skánà ya àwọn ègé náà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo fi ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn àwòrán, wọn ibi funfun, mo kó èsì fún ọ̀gá mi. Wọ́n ní, "Wíwú ńkọ́?"

Ọpọlọ tó ní rọpárọsẹ̀ máa ń wú, ibi tó kú a sì dà bí ẹni pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ẹ jẹ́ ká ní apá ọ̀tún ègé kan, tí kò wú, jẹ́ 60 mm², apá òsì 68, funfun inú rẹ̀ 24. Èmi ti kọ 24 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa tó kù lápá òsì jẹ́ 44. Ẹ yọ 44 kúrò nínú 60, ó ku 16. 16 yẹn la ó kọ. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ègé, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó fi 2 mm sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn ni ìwọ̀n ìbàjẹ́ náà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tún gbogbo ìṣirò náà ṣe.