Bí a ṣe ń lé òórùn ìtọ̀ ológbò kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì

Àlejò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Òórùn náà ti mọ́ onílé lára, kò gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá jókòó tán tó wá ń sún láti orí àga kan bọ́ sí òmíràn, tí ojú rẹ̀ sì ń wá abẹ́ àga, ẹ yáa mọ̀ pé ológbò ti tọ̀ síbì kan. Ní Abẹ́òkúta níbí, ẹni tó ń gbé nítòsí ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹnwá mọ ohun tí eku lè fi ojú ènìyàn rí, ilé tí kò sì sí ológbò, ilé èkúté ni. N kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lé ológbò rẹ̀ nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Òórùn yẹn ṣeé lé pátápátá, bí a bá mọ ohun tí a ń bá jà.

Ohun méjì ni. Èkíní ni ammonia, èyí tó máa ń ta nímú. Kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ìtọ̀ dà bẹ́ẹ̀ bó bá ti pẹ́ nílẹ̀, kò sì ṣòro láti pa. Èkejì ni uric acid. Bí ìtọ̀ bá gbẹ, èyí á di hóró wínníwínní, á lẹ̀ mọ́ ìdí irun kápẹ́ẹ̀tì, omi lásán kò sì lè yọ́ ọ. Òun ló fà á tí ẹ ó fi fọ kápẹ́ẹ̀tì nígbà ọyẹ́, tí ilé á máa ta sánsán, tí òórùn yóò tún jí padà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló jí i. Ti akọ ológbò tí a kò tẹ̀ lọ́dàá ló burú jù, nítorí èròjà kan wà nínú ìtọ̀ tirẹ̀ tó ní imí-ọjọ́ nínú. Lọ́fínńdà tí à ń fín sílé kò kan èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ibẹ̀

Bí ẹ kò bá mọ ibi tó tọ̀ sí, ẹ dúró di alẹ́, kí ẹ pa gbogbo iná. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Ẹ tàn án sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ojú ìtọ̀ tó ti gbẹ á máa dán bí àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ di ewé. Ọṣẹ ìfọṣọ náà máa ń dán lábẹ́ iná yìí, ṣùgbọ́n tiẹ̀ funfun, ó sì fẹ́ fara jọ búlùú, nítorí náà ẹ gbé imú sún mọ́ ọn kó lè dá yín lójú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ àga, etí kọ́tìnnì àti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: akọ ológbò kì í sábà tọ̀ sí àárín ilé, ara ohun tó dúró ló máa ń tọ̀ sí, ìtọ̀ á wá ṣàn wálẹ̀.

Bí ìtọ̀ bá ṣì tutù

Ẹ mú táwẹ̀lì tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹ ká a ní ìlọ́po, ẹ tẹ́ ẹ lé e, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ dúró lé e lórí. Bó bá rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe é títí aṣọ á fi máa gbẹ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da omi tútù díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, nítorí ńṣe ni gbígbo ń ti ìtọ̀ wọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Bó bá ti gbẹ

Ìtọ̀ tó wà lókè kápẹ́ẹ̀tì kì í tó èyí tó wà nísàlẹ̀. Bó ti ń wọlé ló ń fẹ̀ sí i, títí dé ara fóòmù àti símẹ́ǹtì. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá máa dà síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ojú ṣọ́ọ̀kì yẹn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan yíká, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti dé ìsàlẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é tì: wọ́n á fín oògùn díẹ̀ sórí, wọ́n á nù ún, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Ẹ fi kọ́ọ̀bù fínígà funfun kan po kọ́ọ̀bù omi kan. Ẹ dà á síbẹ̀ kó rin dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi tán. Kíkan tó wà nínú fínígà ló ń pa ammonia. Òórùn fínígà fúnra rẹ̀ á lọ bí ẹ bá ṣí fèrèsé.

Lẹ́yìn èyí ni béékìn sódà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lágbègbè Ìtòkú. Bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ àwọn aláró tó ní òun fẹ́ ra sódà, kọ́sítíìkì ni wọ́n máa wọ̀n fún un, nítorí òun ni wọ́n fi ń pa aró fún àdìrẹ. Kọ́sítíìkì máa ń jó awọ ara, ó lè fọ́ ojú, ó sì lè pa ológbò tó bá lá a. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ka ara páálí rẹ̀. Béékìn páúdà kọ́, sódà ni. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì wọ́n ojú ibẹ̀ nígbà tó ṣì rin díẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ fínígà nínú abọ́ kan náà, nítorí wọn á hó, wọ́n á pa agbára ara wọn, kò ní í ku nǹkan kan.

Bí òórùn bá le, ẹ fi hydrogen peroxide, oògùn olómi tí à ń fi fọ egbò, kún un. Ó wà ní ilé oògùn. Èyí tí wọ́n kọ 20 vol sí lára, 6% ni, kí ẹ fi omi tó bá a dọ́gba là á kó lè di 3%. Èyí tó ti jẹ́ 3% kò nílò omi. Ẹ bu ààbọ̀ kọ́ọ̀bù, ẹ kán ṣíbí kékeré kan ọṣẹ omi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó, nítorí ó lè ṣí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Bí kápẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ irun àgùntàn, ẹ má lò ó rárá. Bí kò bá ṣí àwọ̀, ẹ dà á lé sódà náà lórí, ẹ fi ọwọ́ rà á, ẹ fi sílẹ̀ títí á fi gbẹ, kí ẹ wá gbá a. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù. Bí ẹ bá dé e pa nínú ìgò, afẹ́fẹ́ á kún inú ìgò, ó sì lè bẹ́. Ẹ má sì pò ó mọ́ fínígà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù fún ìtọ̀ tó ti pẹ́: oògùn tó ní ẹ́ńsáìmù, tí wọ́n ń tà fún ìtọ̀ ẹran ọ̀sìn. Òun ló ń jẹ hóró uric acid yẹn run. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó owó rẹ̀. Òun nìkan ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ti da nǹkan mìíràn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án kúrò. Ẹ dà á kó rin wọ ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó mọ́jú kó má tètè gbẹ, nítorí bó bá ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Gbígbẹ

Kápẹ́ẹ̀tì tí kò gbẹ dénú á bu, òórùn ebu á sì gba ipò òórùn ìtọ̀. Èyí tó bá ṣeé ká, ẹ gbé e síta, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ oòrùn. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbé etí rẹ̀ sókè, ẹ fi nǹkan gbé e ró, kí fáànù máa fẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí fóòmù abẹ́ rẹ̀ bá ti mu ìtọ̀ yó, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ fi tuntun dí i. Ẹ fọ símẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ náà.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lò

Ẹ má da Hypo tàbí Jik síbẹ̀. Bó bá pàdé ammonia inú ìtọ̀, afẹ́fẹ́ olóró ló máa gbé jáde, ó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Izal àti Dettol náà, ẹ jìnnà sí wọn: ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti palẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ bíi ti ènìyàn, bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ń ṣe é ní jàǹbá bákan náà. Omi gbígbóná kò dára, ó ń jẹ́ kí àbàwọ́n lẹ̀ sí i.

Ológbò fúnra rẹ̀

Ológbò máa ń padà síbi tí imú rẹ̀ bá ti gbọ́ òórùn ara rẹ̀, nítorí náà bí ibẹ̀ bá mọ́ tán, ẹ gbé àga síbẹ̀ tàbí kí ẹ máa gbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bu yanrìn sínú abọ́ gbàǹgbà, ẹ gbé e síbi tí ẹsẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ máa kó ìgbẹ́ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ológbò bá jẹ́ méjì, abọ́ mẹ́ta ló yẹ wọ́n. Akọ tó ń tọ̀ sára ògiri, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń jáwọ́.

Ṣùgbọ́n bí èyí tó mọ ibi ìtọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ kiri, àìsàn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí akọ bá ń lóṣòó, tó ń tiraka láti tọ̀, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò sì jáde, ẹ má dúró di ọ̀la. Ojú ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Alábàtà. Ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ.