Gírévì tòlótòló ọdún: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ọ́ di nǹkan míì

Gírévì ni omi ẹran tí wọ́n fi ọ̀rá àti fúláwà mú ki, tí wọ́n ń dà sórí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ba gírévì jẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí, ọwọ́ ọbẹ̀ ata ló ti ń wá. Èèyàn á mọ ọbẹ̀ sè dáadáa, gbogbo àdúgbò á mọ̀ ọ́n sí i, á wá gbé ọwọ́ yẹn náà lé gírévì: á da Mágì sí i, á da kọ́rì, á da táìmù, á tún lọ rodo díẹ̀ sí i pé kó lè ta, nígbà tó máa fi jiná kò jọ gírévì kò jọ ọbẹ̀. Ohun tó ń fún gírévì ládùn ni omi àti ọ̀rá tó kán sílẹ̀ lára tòlótòló nígbà tí wọ́n ń yan án, pẹ̀lú èyí tó gbẹ mọ́ ìdí páànù. Ẹni tí ò bá ní ìyẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ páànù. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe lọ́jọ́ ọdún, wọ́n fẹ́ parí iṣẹ́ kí wọ́n lè wọ aṣọ, bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbé tòlótòló kúrò báyìí, ọṣẹ ti wọnú páànù. Ẹ gba páànù yẹn lọ́wọ́ wọn jàre. Ẹ gbé e ka iná kékeré, ẹ da bí ife kan omi ẹran gbígbóná sí i, kẹ́ ẹ fi ṣíbí onígi máa ha ìdí ẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo nǹkan pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn á tú, omi yẹn á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tó bá jẹ́ dúdú ló dú ṣá, ẹ tọ́ ọ wò ná. Tó bá korò, ẹ gbàgbé ẹ̀, ṣúgà ò lè bo ìkorò ìdí páànù tó jóná. Kó má bàa jóná, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò tó bá ṣì wà nínú ófùnù, tí ìsàlẹ̀ bá ti ń gbẹ, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i.

Ẹlòmíì á ní páànù òun ò pọ́n rárá, omi lásán ló kún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tòlótòló inú yìnyín ni, tí wọn ò jẹ́ kó yọ́ tán kí wọ́n tó gbé e sínú iná, bíbọ̀ ló ń bọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe yíyan. Tòlótòló odindi tó bá tó kílò márùn-ún lè lò ju ọjọ́ méjì lọ nínú fíríìjì kó tó yọ́ dénú, ìyẹn tí iná bá wà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ààyè lọ́jà Ìpàtà n'Ílọrin tàbí tẹ́ ẹ ní ẹni tó ń sìn ín l'Ófà, ẹ ò ní wàhálà yìnyín, àmọ́ tiyín ni òróòro. Kẹ́ni tó ń kun ún rọra, torí tí òróòro bá bẹ́ sára ẹran pẹ́nrẹ́n, gírévì ti lọ nìyẹn.

Ó dáa, ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ ní ófùnù. A ó bọ tòlótòló, a ó din ín, ó parí. Gírévì ṣì máa jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe látinú òróró tẹ́ ẹ fi dín ẹran, ìyẹn ti gbóná jù, ó ti ń rùn. Omi tẹ́ ẹ fi bọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe tó pọ̀ jù wà. Mágì mẹ́fà àti iyọ̀ ti wà nínú omi yẹn, ó tún wá ń gbẹ lórí iná, bó ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ ẹ̀ ń le, tó bá fi máa ki ó ti di iyọ̀ gbuu. Ohun tí mo fara mọ́ jù ni kẹ́ ẹ ya ọrùn, apá, iwe àti ọkàn sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi òróró díẹ̀ yí wọn nínú ìkòkò títí wọ́n á fi pọ́n, kẹ́ ẹ tó da omi sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà kan àti kárọ́ọ̀tì, kó máa hó jẹ́jẹ́ bíi wákàtí kan àbọ̀. Ẹ yọ ẹ̀dọ̀ kúrò nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀ máa ń jẹ́ kí omi korò, ẹ dín in lọ́tọ̀ fún ẹni tó ń sè. Iyọ̀ kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn tó bá ti ki.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Ẹni tó da gbogbo ẹ̀ sí i torí pé ọ̀rá ládùn, gírévì ẹ̀ á máa dán lókè, á máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ẹ da omi páànù sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rá á léfòó, ẹ bù ú kúrò. Ṣíbí ńlá 2 ọ̀rá pẹ̀lú ṣíbí ńlá 2 fúláwà ló ń lọ fún ife omi kan.

Fúláwà yìí wá nìyẹn o. Ẹ má da á gbẹrẹfu sínú omi tó ń hó. Bó bá ṣe kan omi gbígbóná, ẹ̀yìn ẹ̀ á jiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á sì dì, inú á ṣì gbẹ, bó ṣe ń ta kókó nìyẹn, ẹ lè rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú ọ̀rá gbígbóná ni kó kọ́kọ́ wọ̀, kẹ́ ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta títí òórùn tútù ẹ̀ á fi lọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa da omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ò ní ohun tí wọ́n fi ń po kéèkì, ìjábẹ̀ ṣe é dáadáa, tuntun ṣá, kì í ṣe èyí tó ti ja ewédú láti ọdún èṣí. Tó bá ti ta kókó ná, asẹ́ ni.

Tó bá jẹ́ kọ́nfúláwà lẹ ní, ìdajì fúláwà ti tó, omi tútù lẹ ó fi pò ó kó tó wọnú ìkòkò, ìparí ni yóò sì wọ̀ ọ́, torí tó bá hó pẹ́ jù ó máa ń padà ṣàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ lo ògì. Ó máa ki lóòótọ́, àmọ́ ó máa kan. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ á máa fà tìrìrì, èlùbọ́ mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ nípa ẹ̀.

Ẹ má sì máa lé kíki ẹ̀ lórí iná. Bó bá ṣe ń tutù ló ń ki sí i, nítorí náà kó ṣì máa ṣàn díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, tẹ́ ẹ bá dúró kó ki níbẹ̀, tó bá fi dórí ìrẹsì Pàtígi ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀bẹ gé e.

Èyí tó kù yìí ni wọ́n ń fojú kéré jù: gbígbé e sínú kúlà láti àárọ̀ torí àlejò. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà, Clostridium perfringens lorúkọ wọn, èso wọn, ìyẹn irúgbìn líle tí wọ́n fi ń là á já, kì í kú tán nínú sísè, tí oúnjẹ bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ́n á máa pọ̀ sí i. CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn l'Amẹ́ríkà, sọ pé oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ni àìsàn tí wọ́n ń dá sílẹ̀ máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, ìgbà ọdún, tòlótòló sì wà lára ohun tó ń fà á. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni. Gírévì ò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta iná. Ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké kó lè tètè tutù, ẹ gbé e sí fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó hó gan-an, kì í ṣe kó kàn lọ́. Tí iná ò bá sí, tí jẹnẹrétọ̀ náà ò sí, ìwọ̀n tó máa tán kí wọ́n tó tẹ́ àwo kúrò nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ sè, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e fún aládùúgbò nígbà tó ṣì ń gbóná.