Bí mo ṣe kó ìṣirò ọjà wa kúrò nínú nóòtù bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ọjà rẹpẹtẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ sì ń pín in fún àwọn alátúntà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Gbogbo ìṣirò wa, látorí ọjà títí dórí àwìn, ti kúrò nínú nóòtù àti Excel báyìí, orí ERPNext ló wà, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà, títà àti owó, kò sì sí ibi tí mo wà tí mi ò ti lè ṣí i wò lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti sọ́fítíwíà rárá, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ parí kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan.

Ìdí tí mo fi mú ERPNext ni pé òpìn sọ́ọ̀sì ni, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè lò ó kó sì tún un ṣe, ilé iṣẹ́ Frappe ní Íńdíà ló ṣe é, èèyàn lè gbé e sórí sáfà tiẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń gbé sọ́fítíwíà fún àwọn yòókù) tàbí kó máa sanwó kí wọ́n bá a gbé e sórí tiwọn. Odoo tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà wà, Belgium lòun ti wá, ó dáa gan-an. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: tí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín lọ́la, ṣé mo lè fọwọ́ ara mi kó orúkọ ọjà, kọ́sítọ́mà àti gbèsè jáde sínú fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì ìlà àti kọ́lọ́ọ̀mù tí sọ́fítíwíà míì lè kà? Èyí tó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́nu lórí ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìwọ̀n, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ àwa alágbàtà wà. A máa ń ra ọjà ní páálí, a máa ń tà á ní páálí àti dọ́sìnì, ẹlòmíì á tún ní ẹyọ mélòó kan lòun fẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ẹyọ ṣe ìwọ̀n ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọjà, mo wá sọ fún un pé páálí kan jẹ́ ẹyọ 24, dọ́sìnì kan jẹ́ 12. Ẹ jẹ́ ká ní páálí 10 wọlé, 240 ló máa kọ sílẹ̀, tá a bá wá ta páálí 2 àti dọ́sìnì 1, á yọ 60 kúrò, ó ku 180, ìyẹn páálí 7 àti ààbọ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ ṣírò ohunkóhun. Ẹ má kánjú lórí èyí o, torí pé tẹ́ ẹ bá ti fi ìwọ̀n ìpìlẹ̀ kan rà tàbí tẹ́ ẹ ti fi tà, ERPNext ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ yí i padà mọ́ lórí ọjà yẹn. Bákan náà ló rí fún ọjà tó ní déètì tó máa bàjẹ́, kẹ́ ẹ tó kó ọjà wọlé ni kẹ́ ẹ ti mú ibi tí wọ́n kọ batch sí, ìyẹn ọjà tó jọ wọlé pẹ̀lú déètì kan náà. Nǹkan míì tún wà tó máa ń da orí rú: ilé iṣẹ́ lè ṣàdédé dín ẹyọ inú páálí kù láti 24 sí 20. Mo wá ń pe ọ̀kan ní Páálí 24, mò ń pe èkejì ní Páálí 20, méjèèjì dúró lábẹ́ ọjà kan náà, ìṣirò wọn ò sì wọnú ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó wá dojú kọ orúkọ ọjà. Nínú nóòtù, ọjà kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta, ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ á pè é báyìí, ẹni tó ń kọ rìsíìtì á pè é bọ̀hún-ùn. Mo jókòó ti àwọn méjèèjì títí a fi fẹnu kò lórí orúkọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bààkóòdù lẹ ní láti ṣọ́ níbí yìí: ti ẹyọ sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 13, ti páálí máa ń jẹ́ 14, Excel sì máa ń sọ irú nọ́ńbà gígùn bẹ́ẹ̀ di nǹkan bíi 5.01E+12, èyí tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, á gé òdo ẹ̀ dànù. Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́lọ́ọ̀mù yẹn sí Text kẹ́ ẹ tó lẹ nọ́ńbà sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ kẹ́ ẹ mú CSV UTF-8, kí àwọn lẹ́tà tó ní àmì má bàa bàjẹ́.

Ìparí oṣù ni mo mú pé ká ré kọjá sórí ERPNext, torí pé ọjà tó bá ń wọlé tó ń jáde lọ́wọ́ kò ṣeé kà. A ti sítọ́ọ̀, àwọn méjì lọ kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tí iye wọn ò bá ti dọ́gba wọ́n á tún un kà. Mo fi Stock Reconciliation, ìwé tí ERPNext fi ń gba iye ọjà tá a kà, kó iye yẹn wọlé pẹ̀lú iye owó tá a ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí iye owó yẹn ló máa fi ṣírò èrè yín, tẹ́ ẹ bá méfò ẹ̀, èrè tó máa máa sọ fún yín náà á jẹ́ àméfò.

Ti àwìn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbèsè kọ́sítọ́mà wọlé lápapọ̀. Mo lo Opening Invoice Creation Tool, ibi tí ERPNext ti ń gba àwọn ínfọ́ìsì àtijọ́ tí wọn ò tíì san, mo kọ ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú déètì tó yẹ kí wọ́n san án, torí náà lónìí mo lè rí èyí tó ti kọjá ọjọ́ 30, èyí tó ti kọjá 60, àtèyí tó ti kọjá 90. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ wọlé bí owó kan ṣoṣo, bí gbèsè àná ni gbogbo ẹ̀ á ṣe máa rí. Àkáǹtì kan wà tó ń jẹ́ Temporary Opening, òun ni ERPNext ń lò fúngbà díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó ìṣirò àtijọ́ wọlé, tẹ́ ẹ bá ti kó gbogbo nǹkan wọlé tán, òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀, tí kì í bá ṣe òdo, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ o, nǹkan kan ṣì wà níta. Mo tún fi ààlà sí iye àwìn tí kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan lè gbà, tó bá ti dé ibẹ̀, ẹni tá a fún láṣẹ nìkan ló lè jẹ́ kí ọjà jáde. Inú mi dùn sí èyí gan-an, torí pé ọmọ iṣẹ́ ò ní láti máa bá kọ́sítọ́mà jiyàn mọ́, á kàn ní sọ́fítíwíà ò gbà.

Olúkúlùkù ló ní páásíwọọ̀dù tiẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá ti submit (tí wọ́n ti fọwọ́ sí pé ó parí), wọn ò lè ṣàdédé tún un kọ, àfi kí wọ́n cancel rẹ̀ (kí wọ́n fagi lé e), orúkọ ẹni tó ṣe é á sì hàn.

A ò tíì ju nóòtù sílẹ̀ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ o, a ń kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ọn, alaalẹ́ la ń fi iye ọjà, iye gbèsè àti owó ọwọ́ wéra, ìgbà tí wọ́n ń bára mu láìsí àríyànjiyàn la tó pa nóòtù tì. Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láàárọ̀ la máa ń tẹ ìwé ọjà tí wọ́n máa kó sọ́kọ̀ jáde, kí ọkọ̀ má bàa dúró de íntánẹ́ẹ̀tì.

Iye tó yẹ kí ọjà kù sí ká tó tún rà ni mo fi ṣe kẹ́yìn, torí ó dìgbà tá a bá ní àkọsílẹ̀ ohun tá à ń tà lóòótọ́. Bí ọjà kan bá ń tà ní ẹyọ 40 lójúmọ́, tó sì ń gba ọjọ́ 5 kó tó dé látìgbà tá a bá ti pè é, 200 nìyẹn, mo fi 60 kún un nítorí ìdádúró, ó di 260. Tó bá ti já wálẹ̀ débẹ̀, ERPNext á kọ ìwé ìbéèrè ọjà fúnra ẹ̀, tèmi ò ju pé kí n wò ó kí n tó pe ọjà. Tí olùpèsè bá wá ń pẹ́ sí i, ọjọ́ 5 yẹn ni mo máa ń lọ tún ṣe kíákíá, mi ò kì í dúró dìgbà tí sítọ́ọ̀ bá gbẹ.