Bí a ṣe ń ka wákàtí abẹ́rẹ́ G-CSF lẹ́yìn símíò

Símíò ni oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ; G-CSF ni abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gún fún aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà lè pọ̀. Ẹ rí i pé dókítà kọ iye G-CSF, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, kí nọ́ọ̀sì ka ìwé náà sí yín létí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bàjẹ́ nìyí. Aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ gba símíò tán ní Kùtọnú, ó dé Àjàṣẹ́ lálẹ́, kò lè dìde, ni ẹnìkan nínú ẹbí bá ní, "Kí la tún ń dúró dè? Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè yẹn." Ẹ má dán an wò. Ohun tó bá ń pín kíákíá nínú ara ni símíò ń pa, G-CSF sì ń mú kí mùdùnmúdùn egungun máa pín kó lè bí ẹ̀jẹ̀ funfun. Ta ló ń tú òròmọdìyẹ síta nígbà tí àṣá ṣì ń rà bàbà?

Ó kéré tán, wákàtí 24 lẹ́yìn tí símíò bá kán tán. Wákàtí ni mo wí, n kò wí pé "ọ̀la". Bí ó bá parí ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àárọ̀ Ẹtì kò tíì tó. Bírò ni kí ẹ fi kọ aago náà sára páálí oògùn. Kò ní sí àríyànjiyàn mọ́. Dókítà míì ń fi ọjọ́ mélòó kan kún un: tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí símíò mìíràn bá sì ń bọ̀, wákàtí 24 tó ṣáájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní G-CSF nínú.

Òtútù 2 sí 8 °C ni oògùn náà ń fẹ́, kò gbọdọ̀ dì. Níbi tí iná ti ń lọ, bíi Kétu, kúlà oníke tó, bí ẹ bá fi tọ́wẹ́lì wé yìnyín. Ẹ má mì í. Abẹ́ awọ ikùn tàbí itan ni ẹ ó gún un sí. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ̀jẹ̀ funfun lè fò sókè, kó tún já wálẹ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Dókítà ló ń sọ ìgbà tó tó.

Egungun lè máa ro ó. Kó tó lo parasetamọ́ọ̀lù, ẹ fi tẹmómítà wọn ara rẹ̀, torí oògùn yẹn ń bo ibà mọ́lẹ̀. Bó bá dé 38 °C, ẹ má po àgbo, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn lóru náà ni.