Ohun tí Áńpíà àti Wáàtì Ojú Mọ́nítọ̀ Iná Ń Sọ

Nọ́ńbà tó máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ́nítọ̀ iná, ẹ̀rọ tó ń fi bí ilé ṣe ń jẹ iná hàn, sílé láàmú jù nìyí: fíríìjì ń fa 0.8 A, fólítì ilé jẹ́ 230 V, síbẹ̀ 120 W ni mọ́nítọ̀ kọ. Bí ẹ bá fi 230 sọ 0.8 di púpọ̀, 184 lẹ máa rí. Mọ́nítọ̀ ò ṣìṣe. VA, ìyẹn fólítì tí a fi áńpíà sọ di púpọ̀, ni 184 yẹn, kì í ṣe wáàtì.

Áńpíà ni bí kọ́rẹ̀ǹtì tó ń gba inú wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó. Wáàtì ni iṣẹ́ tí iná ń ṣe ní tòótọ́: ooru, ìmọ́lẹ̀, mọ́tò tó ń yí. Nínú ohun tó ní kọ́ìlì, bíi mọ́tò fíríìjì, kọ́rẹ̀ǹtì máa ń rìn lẹ́yìn fólítì, apá kan agbára tó wọlé á sì tún padà sórí wáyà láìṣe iṣẹ́ kankan. Ìdí nìyẹn tí wáàtì fi kéré sí VA. Ìpín tí wáàtì jẹ́ nínú VA ni wọ́n ń pè ní power factor. Ti fíríìjì wa jẹ́ 0.65. Kẹ́túlù àti áyọ́ọ̀nù kò ní wàhálà yìí: 8.7 A lórí 230 V jẹ́ 2,000 W gééré, power factor rẹ̀ jẹ́ 1. Ṣájà kékeré àti ọ̀pọ̀ gílóòbù LED kì í tó 1 rárá, torí wọ́n ń gbé kọ́rẹ̀ǹtì mì ní ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan dípò kí wọ́n máa mu ún lọ geere. Bẹ́ẹ̀ náà ni inífátà sólà lè máa fi áńpíà díẹ̀ hàn lóru tí wáàtì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ló fà á, kò jẹ yúníìtì yín.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ohun tó ń jẹ yúníìtì, wáàtì ni kí ẹ wò. Òun ni mítà ilé ń kà: 1,000 W fún wákàtí kan ni 1 kWh, ìyẹn yúníìtì kan. Áńpíà wúlò fún ọ̀rọ̀ wáyà àti bírékà, torí kọ́rẹ̀ǹtì ló ń mú wáyà gbóná, bírékà 16 A ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ power factor.

Àwọn mọ́nítọ̀ kan kò ní ibi tí wọ́n ti ń wọn fólítì. Wọ́n kàn gbà pé 230 V ló wà ńbẹ̀, wọ́n á sì fi sọ áńpíà di púpọ̀. Irú wọn yóò kọ 184 W fún fíríìjì tó ń jẹ 120. Bí fólítì bá wálẹ̀, wọn á ṣi ti kẹ́túlù pàápàá kọ. Kẹ́túlù 2,000 W tó bá bá 207 V pàdé á fa 7.8 A péré, agbára rẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 1,620 W, àmọ́ mọ́nítọ̀ á kọ 1,800. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ mú èyí tó ń wọn fólítì fúnra rẹ̀.

Kíláǹpù, òrùka tó ń ṣí tó sì ń pa dé tí mọ́nítọ̀ fi ń gbá wáyà mú láti wọn kọ́rẹ̀ǹtì rẹ̀, ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ńbà tí kò yéni. Ẹ pa súìṣì àgbà kí ẹ tó ṣí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí bírékà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wáyà tó ti mítà wọ súìṣì náà ṣì ní iná. Bí orí rẹ̀ bá wà ní gbangba, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Wáyà kan ṣoṣo, ìyẹn láìnì tó ń gbé iná wá, ni kíláǹpù gbọ́dọ̀ yí ká. Tó bá yí láìnì àti níútírà, wáyà tí kọ́rẹ̀ǹtì ń gbà padà, ká pọ̀, kọ́rẹ̀ǹtì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn rẹ́, òdo lẹ máa rí. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé pátápátá. Eruku díẹ̀ láàárín rẹ̀ tó láti mú kí nọ́ńbà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Kíláǹpù 100 A tó ń gbé 50 mA jáde léwu bí ẹ bá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára mọ́nítọ̀ nígbà tí iná ń kọjá nínú rẹ̀, torí fólítì ńlá lè yọ lẹ́nu wáyà náà. Ẹ so ó mọ́ mọ́nítọ̀ ná kí ẹ tó fi gbá láìnì mú. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, láìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ọfà ara kíláǹpù ní láti kọjú sí ibi tí iná ń lọ. Bó bá kọjú sódì, kẹ́túlù 2,000 W á kọ -2,000, àmọ́ áńpíà rẹ̀ ò ní yí padà. Ní ilé tó ní sólà, àmì ìyọkúrò lè jẹ́ òótọ́: iná ń jáde nílé ni. Bí fééèsì bá jẹ́ mẹ́ta, tí kíláǹpù fééèsì kan sì ń lo fólítì fééèsì mìíràn, -1,000 lẹ máa rí fún kẹ́túlù yẹn. Èyí tó burú jù ni kí àṣìṣe méjèèjì, ti ọfà àti ti fééèsì, pàdé: mọ́nítọ̀ á kọ 1,000 láìsí àmì ìyọkúrò, ẹnikẹ́ni ò sì ní fura. Ìdájì gééré bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó kù, ẹ tan kẹ́túlù tó kún fómi, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí iná kékeré ojú mítà fi ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà tó bá ṣẹ́ ní àkọ́kọ́, òdo ni kí ẹ pè é. Bí 1000 imp/kWh (ìyẹn ìgbà tí iná náà ń ṣẹ́ fún 1 kWh) bá wà lójú mítà, ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá náà pín 36,000. Bó bá jẹ́ 1600, ẹ pín 22,500. Ìṣẹ́jú àáyá 18 lórí mítà 1000 jẹ́ 2,000 W. Bí mọ́nítọ̀ bá fi ìpín kan náà yàtọ̀ sí mítà lórí ẹrù (ohun tó ń jẹ iná) ńlá àti kékeré, ẹ tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe nínú ètò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹrù kékeré nìkan ló ń ṣì, kíláǹpù ti tóbi jù fún iṣẹ́ náà. Láti wọn ohun kékeré kan, ẹ yí wáyà láìnì rẹ̀ gba inú kíláǹpù lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ sì fi 5 pín ohun tó kọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. 100 W tí kì í sinmi jẹ́ 2.4 kWh lójúmọ́, 876 kWh lọ́dún. Ẹ máa pa bírékà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì kọ bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Èyí tí fíríìjì wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, kí ẹ sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wò ó kí ẹ tó pa á, torí mọ́tò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń sinmi. Nọ́ńbà ìṣẹ́jú kan péré lè tàn yín.