Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun èèpo ìrẹsì dànù, ó lè dín símẹ́ńtì yín kù

Kẹ́ ẹ tó ra àpò símẹ́ńtì míì, ẹ̀yin ará wa n'Ílọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, ẹ kọ́kọ́ yà sí ẹ̀yìn mílì ìrẹsì ná. Èèpo tí wọ́n dà jọ bí òkìtì síbẹ̀, tí wọ́n á kàn ṣáná sí tí èéfín á gba àdúgbò kan, nǹkan gidi ni. Nínú 100 kílò ìrẹsì oníèèpo, bíi 20 kílò ló máa jẹ́ èèpo, tẹ́ ẹ bá sì sun ún, eérú bíi 4 kílò ló máa kù. Kékeré lóòótọ́, àmọ́ sílíkà, èròjà tó wà nínú yanrìn, ló kún inú ẹ̀. Tí símẹ́ńtì bá pàdé omi, láìmù (èròjà kan tó dà bí ẹfun, kì í ṣe ọsàn o) máa ń jáde lára ẹ̀ tí ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, sílíkà yìí á dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á wá di gọ́ọ̀mù.

Ibi sísun gan-an ni wàhálà wà. Tí iná bá ti ju 700 digíríì lọ, sílíkà yẹn á yí padà, kò ní bá láìmù ṣe mọ́, tí iná bá sì kéré jù eérú á dúdú, èédú ló kù nínú ẹ̀ yẹn. Èyí tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú ni kẹ́ ẹ kó. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bíi símẹ́ńtì (kì í ṣe ní mílì ata o!), kẹ́ ẹ fi aṣọ bo imú.

Nínú àpò 50 kílò, ẹ yọ símẹ́ńtì 5 kílò, kẹ́ ẹ fi eérú 5 kílò rọ́pò ẹ̀. Orí síkéèlì ni o, kì í ṣe páànù, torí eérú fúyẹ́, 5 kílò ẹ̀ á pọ̀ lójú ju ti símẹ́ńtì lọ dáadáa. Bíríkìlà tó bá ní òun mọ̀ ọ́n fojú wọ̀n, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì gbé síkéèlì wá. Ẹ pò ó ní gbígbẹ títí àwọ̀ á fi dọ́gba, ó máa ń fa omi, àmọ́ ẹ má tìtorí pé ó le lábẹ́ ṣọ́bìrì kẹ́ ẹ wá da omi rẹpẹtẹ sí i. Kì í tètè le, nítorí náà ẹ fi àpò tútù bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́nmi sí i fún ọjọ́ 14, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ilẹ̀ ilé adìẹ, ibi tẹ́ ẹ ti ń sá láfún, gọ́tà, búlọ́ọ̀kù fẹ́ńsì, ibẹ̀ ló dáa fún. Dẹ́kìn, òpó àti líńtà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹnjiníà.

Àwọn kan á ní ìdàrọ́ irin (ìdọ̀tí tó máa ń kù tí wọ́n bá yọ́ irin) ńkọ́? Wọ́n ń fi ṣe símẹ́ńtì ní Jámánì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti ìléru ńlá wá, tí wọ́n fi omi pa lójijì tí wọ́n sì lọ̀ kúnná ni. Ti alágbẹ̀dẹ ò jọ ọ́ rárá.

Kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí bó ṣe le tó, ẹ ṣe búlọ́ọ̀kù mẹ́ta oníeérú, mẹ́ta tí ò ní, ẹ kọ déètì sí wọn lára, ó di ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó fi òòlù kàn wọ́n.