Bí Mo Ṣe To Àwíjàre Tó Ta Ko Ara Wọn Jọ Nínú Ẹjọ́ Ilé Wa

Ọkùnrin tó ń gbé ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ kọ̀, kò kó jáde, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Nínú ìwé àwíjàre rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní òun ti ra ilé náà lọ́wọ́ bàbá wa. Nígbà tó yá, ó tún un kọ: ẹnikẹ́ni ò fún òun láyè rí, òun kàn ń gbé ibẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ni, àsìkò tí a lè fi pẹjọ́ sì ti kọjá. Nínú ìwé ìbúra kan, ó tún ní nótíìsì tí a fún òun kò pé iye ọjọ́ tó tọ́ sí ayálégbé. Inú bí mi gidigidi. Mo sọ fún lọ́yà wa pé màá to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Mo kó gbogbo ìwé tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá jọ, títí kan lẹ́tà tó kọ ká tó dé kóòtù, mo sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mo kọ ọjọ́ tó kọ ọ́, ojú ewé, ìpínrọ̀, ohun tó sọ, àti bóyá ó búra sí i. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe dà á kọ. Bí ọ̀rọ̀ tèmi bá lọ wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni lọ́yà tirẹ̀ yóò dì mú.

Lọ́yà wa yọ ọ̀pọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òfin gba olùjẹ́jọ́ láyè láti sọ pé, “Ilé kì í ṣe tiyín, bó bá tilẹ̀ jẹ́ tiyín, nótíìsì yín kò tọ́.” Àríyànjiyàn lórí òfin nìyẹn. Èyí tó ń ba ẹjọ́ èèyàn jẹ́ ni kó búra sí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀, pàápàá ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi ara mi lórí méjì-méjì tó kù: ṣé àwọn méjèèjì lè ṣẹlẹ̀?

Ibi tí lẹ́tà yẹn ti wúlò nìyí. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n rí ilé mìíràn, màá san owó ilé tí mo jẹ yín.” Ó fọwọ́ sí i. Ta ló ń jẹ owó ilé lórí ilé tó ti rà? Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin wọn ti inú òfin Gẹ̀ẹ́sì wá, ẹni tó fi àṣẹ onílé gbé ilé kò lè fi àwọn ọdún yẹn gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Òfin ẹ̀rí Íńdíà ti 1872, tí òfin tuntun rọ́pò ní 2024, kò jẹ́ kí ayálégbé sọ, ní abala 116 rẹ̀, pé ẹni tó gba òun sílé kọ́ ló ni ilé nígbà tó gbà á. Ní England, lábẹ́ òfin 1980 lórí àsìkò ìpẹjọ́, ọdún 12 ni gbèdéke tí onílẹ̀ lè fi pẹjọ́ gba ilẹ̀ tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá fọwọ́ síwèé pé ẹlòmíràn ló ni ín kí ọdún náà tó pé, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà wa kọ́kọ́ wádìí bóyá a ti ń dúnàádúrà ìparí ìjà nígbà tó kọ ọ́, torí kóòtù kì í sábà gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjà kankan nígbà yẹn, nítorí náà kóòtù gba lẹ́tà náà wọlé.

Lọ́jọ́ tí lọ́yà wa máa bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè ní kóòtù, kò kánjú. Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Owó ilé wo lo jẹ? Ẹ̀yìn ìgbà tí ìdáhùn wọ̀nyẹn ti wọ àkọsílẹ̀ ló tó gbé àwíjàre kejì lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní wọ́n bá òun kọ ọ́ ni. Ìbúra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé.

Síbẹ̀, ìtakora rẹ̀ nìkan kò lè sọ ilé di tiwa. Ẹ̀rí tara rẹ̀ ni olùpẹjọ́ ń dúró lé, nítorí náà ìwé ilé, ìwé ogún, rìsíìtì àti ẹ̀rí pé nótíìsì dé ọwọ́ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Orí àwọn yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdájọ́ dá lé. Ìlà díẹ̀ ni lẹ́tà náà gbà, òun sì ni adájọ́ fi da ọ̀rọ̀ ilé rírà àti ti ọdún gbọọrọ nù, kó tó dá ọjọ́ tí ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ kó jáde fún un.